Bí A Ṣe Lè Mú Kí Áńpìlífáyà Rédíò Alágbára Yára Yí Láàárín Ìfọhùn àti Ìgbọ́ Láìjó Ẹnu Rílè

Ohùn tí ó kọ́kọ́ fi yé mi pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú áńpìlífáyà mi, ẹ̀rọ tí ń sọ agbára kékeré rédíò di ńlá kí ó tó dé àńtẹ́nà, kò ti inú spíkà rédíò jáde. Inú àpótí irin áńpìlífáyà náà ni ó ti ń wá: "tà!", bí ẹni dá igi ìṣáná gbígbẹ sí méjì, ó sì máa ń dún ní ìbẹ̀rẹ̀ àmì Morse (àmì kúkúrú àti gígùn tí a fi ń kọ lẹ́tà) kọ̀ọ̀kan tí mo bá ń fi ránṣẹ́. Ní ọ̀sán, n kì í gbọ́ ọ rárá. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù ní Èbúté-Mẹ́ta, tí ilé gbogbo ti tan fáànù àti fíríìjì, tí iná NEPA sì ti rẹlẹ̀ débi pé gílóòbù ń pọ́n bí ọsàn, ariwo náà yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ẹnu rílè (súìṣì tí kọ́ìlì wáyà ń fi agbára òòfà yí) tí ń gbé àńtẹ́nà ti dúdú, ihò wẹ́wẹ́ sì ti dá sí i lára bí ọkà tí kòkòrò ti jẹ.

Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí mo bá tẹ kíì Morse, rédíò mi yóò kọ́kọ́ pàṣẹ fún áńpìlífáyà pé kí ó yí sí ìfọhùn, yóò sì dúró fún ìdá 15 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí n óò máa kọ ní 15 ms láti ìsinsìnyí lọ, kí ó tó tú agbára jáde. Ní ọ̀sán, nígbà tí iná ilé bá tó fóòtì 220, rílè náà ń pa ẹnu dé láàárín 12 ms, nítorí náà ó máa ń ti jókòó kí agbára tó dé. Ní alẹ́, iná ilé ń já wá sí fóòtì 165, fóòtì 26 tí ó yẹ kí ó wọ kọ́ìlì rílè sì ń di nǹkan bí 19, nítorí pé ẹni tí ó kan áńpìlífáyà náà kò fi ohun tí ń mú fóòtì dúró ṣinṣin sí i. Kọ́ìlì tí kò jẹun yó kì í fa irin rẹ̀ kíákíá. Mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 18 ms. Fún 3 ms ní ìbẹ̀rẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan, agbára ńlá ń wá ọ̀nà gba àárín ẹnu rílè méjì tí kò tíì kan ara wọn, iná sì ń ta níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tí ó ń wá kìkì rílè tí ó yára jù lọ ń wá apá kan ọ̀rọ̀ náà ni. Ètò ni ó ń dáàbò bo áńpìlífáyà: kí rílè ti jókòó jẹ́ẹ́ kí agbára rédíò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí agbára náà sì ti tán pátápátá kí rílè tó gbéra padà. Ìyára wúlò nítorí pé ó ń fún wa láàyè láti pa ètò yìí mọ́ láàárín àkókò kékeré tí Morse fi sílẹ̀ fún wa. Rílè tí ó lọ́ra díẹ̀ tí ó sì dúró sí àyè rẹ̀ nínú ètò yóò pẹ́ ju rílè olówó ńlá tí agbára ń bá lórí ìrìn lọ.

Ẹni tí mo ń kọ èyí fún ni ẹni tí ó ti ní ìwé àṣẹ rédíò tirẹ̀, tí àmì ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, tí ó ní áńpìlífáyà oní-fáàfù (gílóòbù dígí tí ń sọ agbára di ńlá) tí ń mú wáàtì 500 sí 1500 jáde níwọ̀n ìgbà tí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá gbà á láyè, tí ó sì fẹ́ máa gbọ́ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ láàárín àmì kan sí èkejì. Irú ìyípo yìí ni àwa tí a ń fi Morse sọ̀rọ̀ ń pè ní QSK. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onílù níbi òde àríyá ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí ó ṣe rí: onílù tí ó gbé ìyáàlù kọ́rùn kì í di etí rẹ̀ nígbà tí ó ń lù ú, àárín ìlù kan sí èkejì ni ó ti ń gbọ́ omele, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń mọ̀ bí ẹni tí ó ń jó bá fẹ́ yí ẹsẹ̀ padà. Bí QSK bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè lè fi àmì kan ṣoṣo dá mi dúró, n óò sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Kí a tó ṣí àpótí

Áńpìlífáyà tí ó ń lo fáàfù 3-500Z méjì ní fóòtì tí ó tó 2500 sí 3000 nínú, fóòtì náà sì lè wà nínú àwọn kápásítọ̀ rẹ̀, ẹ̀yà tí ń tọ́jú iná pamọ́, lẹ́yìn tí a ti pa á. Fóòtì yìí ń pa ènìyàn, kì í sì í kìlọ̀. Ẹ má ṣe gbára lé súìṣì iwájú, ẹ má sì ṣe gbára lé pé wọ́n ti mú iná lọ. Ní ilé wa ní Èkó, ìfátà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ilé sì lè lọ tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú àpótí. Pílọ́ọ̀gì ni kí ẹ yọ, kí ẹ sì gbé ẹnu rẹ̀ sórí tábìlì níbi tí ojú yín ti lè máa rí i ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ jẹ́ kí mítà fóòtì gíga já sí òdo, kí ẹ sì fi igi gígùn tí kì í gbé iná, tí ẹ de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ lórí, kan orí kápásítọ̀ àti orí fáàfù, nítorí pé rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tí ń dín ìṣàn iná kù) tí ó yẹ kí ó máa fa fóòtì náà dànù lè ti jó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìyẹn ni mo ń ṣe nígbà gbogbo, títí kan ọjọ́ tí mo bá ṣí àpótí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Irú rílè tí ó yẹ

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí rílè àńtẹ́nà ń gbé. Bí wáàtì 1500 bá ń wọ óòmù 50, fóòtì rẹ̀ tó 274, góńgó rẹ̀ sì tó 387, iná tí ń ṣàn sì jẹ́ áḿpíà 5.5. Ìyẹn jẹ́ ní ọjọ́ tí àńtẹ́nà bá wà ní ipò rere. Bí òjò bá wọ kọ́nẹ́tọ̀ tí SWR (ìwọ̀n bí àńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu tó, 1 sí 1 ni ó dára jù) di 3 sí 1, góńgó fóòtì lè tó 670, iná sì lè tó áḿpíà 9.5. Rílè fóòtì 24 tí wọ́n ń yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó kún ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, lè gbé iná tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún fóòtì kékeré ni wọ́n ṣe é, àlàfo ẹnu rẹ̀ kò sì tó fún irú fóòtì tí a ń sọ yìí. Mo ti rí ẹni tí ó lò ó, mo sì ti bá a tú u kúrò.

Rílè ńlá tí ẹnu rẹ̀ wà ní gbangba, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ áńpìlífáyà àtijọ́, sábà máa ń gba 15 sí 25 ms kí ó tó pa ẹnu dé. Ó lágbára, ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì dára fún ẹni tí ó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá QSK rìn. Atẹ́gùn iyọ̀ tún jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ní ibi tí ó bá sún mọ́ ọ̀sà, ẹnu rílè gbangba máa ń di dúdú fúnra rẹ̀ kódà bí a kò bá lò ó, ẹni tí ó ń gbọ́ yóò sì máa rò pé ojú ọjọ́ ni ó mú kí ohùn àwọn ènìyàn rẹlẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu rílè ìgbọ́ ni kò kan ara mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, ẹ fi bébà tí ẹ rẹ sínú spírítì sí àárín rẹ̀ kí ẹ sì fà á jáde. Ẹ má fi sáńpépà kàn án, torí pé fàdákà tí wọ́n fi bo ẹnu náà ni ẹ ó há kúrò.

Ohun tí mo fi rọ́pò tèmi ni rílè vacuum, èyí tí wọ́n fa gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tó dí i. Nítorí pé kò sí atẹ́gùn láàárín ẹnu rẹ̀, àlàfo kékeré gan-an lè dá fóòtì ńlá dúró, irin tí ó ń gbéra náà kò sì ní ọ̀nà jíjìn láti rìn. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè yára tí ó sì tún lágbára. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí a ń fi rédíò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni Jennings RJ1A àti Kilovac HC-1, kọ́ìlì wọn sì jẹ́ ti fóòtì 26.5. Bí a bá lò ó gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà, kò ní tó 10 ms kí ó tó pa ẹnu dé. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà láti òkè òkun, nítorí náà ẹ dán an wò lórí tábìlì kí ẹ tó kàn án, kí ẹ sì máa nu ara dígí tàbí amọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú spírítì, torí pé iyọ̀ inú atẹ́gùn lè jókòó sí ìta rẹ̀ kí iná sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní irin tí ń rìn rárá, èyíinì ni dáyóòdù PIN, ẹ̀yà kékeré tí a lè fi fóòtì ṣí tàbí tì fún agbára rédíò. Ó yára ju rílè èyíkéyìí lọ, kò sì pariwo. Elecraft KPA500 ń lò ó. Fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án nílé, n kò gbà á nímọ̀ràn fún wáàtì 1500. Ó ń béèrè fóòtì gíga tí yóò máa dá a dúró nígbà tí agbára bá ń kọjá, ó ń gbóná, mànàmáná tí ó bá sì ṣubú nítòsí ní oṣù kẹfà lè pa á ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Bí a ṣe ń ta kọ́ìlì jí

Kọ́ìlì kì í gba iná wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fún un ní fóòtì, iná inú rẹ̀ ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, rílè kò sì ní gbéra títí iná náà yóò fi tó ìwọ̀n kan. Bí fóòtì ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣe ga tó ni iná náà ṣe ń yára gun òkè tó. Nítorí náà, a ó fún kọ́ìlì ní fóòtì tí ó ga gan-an fún ìgbà díẹ̀, a ó sì dín in kù sí èyí tí ó tọ́ sí i kí ó má baà jó.

Kọ́ìlì tèmi jẹ́ óòmù 335, ó sì ń fẹ́ nǹkan bí mílíáḿpù 79. Mo fi tiráńsífọ́mà kékeré kan ṣe iná DC fóòtì 100. Láti orí fóòtì 100 yẹn, mo fi rẹsísítọ̀ óòmù 470 méjì tẹ̀léra, wọ́n jẹ́ óòmù 940 lápapọ̀, kí iná tó dé kọ́ìlì. Rẹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ooru tí ó tó wáàtì 3, nítorí náà ti wáàtì 10 ni mo rà, mo sì gbé wọn kúrò lára pálì kí wọ́n má baà jó o. Mo wá fi kápásítọ̀ máíkírófárádì 10 tí ó jẹ́ ti fóòtì 160 gun orí rẹsísítọ̀ méjèèjì láti ìkangun dé ìkangun. Nígbà tí tirànsísítọ̀, súìṣì kékeré tí kò ní irin tí ń rìn, bá ṣí ọ̀nà, kápásítọ̀ náà òfìfo ni, gbogbo fóòtì 100 yóò sì bọ́ sórí kọ́ìlì. Lẹ́yìn ms mélòó kan, kápásítọ̀ yóò kún, iná yóò sì máa gba inú rẹsísítọ̀ nìkan, kọ́ìlì yóò sì máa jẹ fóòtì 26 rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n kápásítọ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó bá rò pé ńlá ni ó dára yóò fi máíkírófárádì 47 tàbí 100 sí i, yóò dán an wò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì rí i pé rílè yára. Ṣùgbọ́n kápásítọ̀ náà ní láti tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dànù gba inú rẹsísítọ̀ kí àmì tí ó tẹ̀lé e tó dé. Máíkírófárádì 10 pẹ̀lú óòmù 940 ń gba nǹkan bí 9 ms kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó jáde. 47 ń gba 44 ms. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ 30 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, àlàfo láàárín àmì jẹ́ 40 ms péré. Kápásítọ̀ ńlá kò ní tíì ṣófo, àmì kejì kò ní rí fóòtì 100 gbà, rílè yóò sì lọ́ra láti àmì kejì lọ. Àmì àkọ́kọ́ nìkan ni yóò máa dára, òun gan-an sì ni ẹni náà wọ̀n.

Àǹfààní kan tún wà nínú ètò yìí tí inú mi dùn sí ju ìyára lọ. Bí iná ilé bá já sí fóòtì 165, fóòtì 100 mi ń di 75, èyí tí ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí kọ́ìlì ń béèrè. Rílè tí ó ń pa ẹnu dé ní 2.6 ms ní ọ̀sán ń pa á dé ní 3.4 ms ní alẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó ń jó ẹnu rílè mi tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí kò tó ms kan.

Tirànsísítọ̀ tí mo fi ń ṣí ọ̀nà ni IRF840, tí ó lè dá fóòtì 500 dúró, tí àwọn tí ń tún páwà àti tẹlifíṣọ̀n ṣe sì ń tà ní gbogbo ìgbà. Ẹsẹ̀ gate rẹ̀, èyí tí ń gba àṣẹ, ń fẹ́ nǹkan bí fóòtì 10 kí ó tó ṣí dáadáa. Fóòtì 5 kò tó fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé rílè dún.

Ó ku pípadà rílè, èyí tí àwọn ènìyàn kì í ronú sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa, tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tìgbá, bá mi wo pálì náà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe fi dáyóòdù kan ṣoṣo gun orí kọ́ìlì yìí? Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mo ní, "Àbúrò mi, òótọ́ ni o sọ, yóò gba tirànsísítọ̀ là. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a jọ wọ̀n ọ́n." A fi dáyóòdù sí i: rílè gba 11 ms kí ó tó padà. A yọ ọ́, a fi dáyóòdù náà pẹ̀lú zener fóòtì 100 (dáyóòdù tí kì í jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn kọjá àyàfi tí fóòtì bá tó 100) tí wọ́n kọjú sí ara wọn: ó di 4 ms. Ìdí rẹ̀ ni pé dáyóòdù nìkan ń jẹ́ kí iná máa yí po nínú kọ́ìlì, irin rílè yóò sì ṣì di mọ́ ọn. Zener ń jẹ́ kí fóòtì kọ́ìlì gòkè dé 100 kí iná inú rẹ̀ lè tètè kú, IRF840 sì lè fara da ìyẹn dáadáa.

Ta ni yóò kọ́kọ́ gbéra?

Rílè méjì ni ó wà nínú áńpìlífáyà: ti ẹnu ọ̀nà tí agbára rédíò ń gbà wọlé, àti ti àńtẹ́nà. Ohun kẹta ni báyáàsì, fóòtì tí ó ń dá fáàfù dúró kí ó má ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń gbọ́. Rílè àńtẹ́nà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó. Ti ẹnu ọ̀nà yóò tẹ̀lé e, báyáàsì yóò sì gbẹ̀yìn. Bí ti ẹnu ọ̀nà bá ṣáájú, fáàfù yóò gba agbára láìní ibi tí yóò gbé e lọ, fóòtì inú àpótí yóò sì ga débi pé iná lè ta láàárín ewé kápásítọ̀ ìyípo. Nígbà pípadà, ẹni tí ó gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ: a ó pa báyáàsì, a ó tú ẹnu ọ̀nà, rílè àńtẹ́nà yóò sì kẹ́yìn gbogbo wọn.

Mo fi Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré orí pálì kan, ṣe alákòóso. Nígbà tí àṣẹ bá dé, ó ń pàṣẹ fún rílè àńtẹ́nà lójú ẹsẹ̀, ó ń pàṣẹ fún ti ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn 4 ms, ó sì ń tú báyáàsì sílẹ̀ ní 10 ms. Rílè ẹnu ọ̀nà kò nílò kí ó jẹ́ vacuum: wáàtì 50 sí 100 ni ó ń gbé, rílè kékeré tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pa, tí ó ń gba 5 ms, ti tó. Ẹsẹ̀ Nano ń mú fóòtì 5 jáde, nítorí náà mo fi tirànsísítọ̀ kékeré gbé e dé 12 kí ó tó kan IRF840.

Okùn àṣẹ tí ó ti inú rédíò wá pẹ̀lú ń fẹ́ ìṣọ́ra. Áńpìlífáyà àtijọ́ bíi Heathkit SB-220 ní fóòtì tí ó ju 100 lọ lórí okùn yìí. Bí ẹ bá so ó mọ́ rédíò òde òní tààrà, ẹ ó ba ojú ọ̀nà àṣẹ rédíò náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí tirànsísítọ̀ tàbí opto-coupler (ẹ̀yà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ kọjá) bíi 4N35 wà láàárín àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ rédíò ní sùúrù. Nínú Icom IC-7300, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní TX Delay, tí a lè fi sí 10, 15, 20, 25 tàbí 30 ms. Bí báyáàsì bá ti wà ní ipò ní 10 ms, 15 ni kí ẹ yàn, kí 5 ms lè kù sílẹ̀ fún ọjọ́ tí iná bá rẹlẹ̀. Bí rédíò yín bá ní okùn tí ń dá ìfọhùn dúró, ẹ so ó mọ́ alákòóso kí rédíò má lè tú agbára jáde títí ohun gbogbo yóò fi wà ní àyè rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kíka ms lọ, torí pé rílè tí ó bá lọ́ra ní ọjọ́ kan kò ní jó.

Wíwọ̀n

Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n ń fọkàn tán ìwé olùtajà nìkan. Bí ẹ bá ní oscilloscope (ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán fóòtì) olójú méjì, ojú kan yóò wà lórí okùn àṣẹ, èkejì lórí ẹnu rílè. Bí ẹ kò bá ní, kọ̀ǹpútà tí ó ní ihò line-in olóhùn méjì ti tó, pẹ̀lú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí ń gba ohùn sílẹ̀. Ní ìwọ̀n 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó ń ya àwòrán 48 láàárín 1 ms, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ.

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì áńpìlífáyà, ẹ jẹ́ kí iná rílè nìkan wà. Ẹ tú wáyà kúrò ní ẹnu rílè àńtẹ́nà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ áńpìlífáyà, kọ́ìlì ààbò kan wà láti àńtẹ́nà sí ẹ́ẹ̀tì tí yóò pa bátìrì kékeré yín kú. Ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì fóòtì 1.5 kan sí i, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ óòmù 10,000 àti óòmù 1,000 pín in kí ó má ju fóòtì 0.14 lọ kí ó tó wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbé iná yẹn gba ẹnu rílè. Ẹ fi ọ̀nà kan náà pín fóòtì okùn àṣẹ fún ojú kejì. Nígbà tí ẹ bá tẹ kíì, ẹ ó rí i pé ìlà okùn àṣẹ fò, lẹ́yìn náà ìlà ẹnu rílè fò, ó tún gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dúró. Ìgbà tí ó dúró ni kí ẹ kà, kì í ṣe ìgbà tí ó kọ́kọ́ kàn. Tèmi gbọ̀n fún bí ìdajì ms. Ẹ wọ̀n pípadà pẹ̀lú, kí ẹ sì fi Morse ọ̀rọ̀ 30 wọ̀n àmì kẹwàá, kí ó má jẹ́ àmì àkọ́kọ́ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá mọ ohun tí a lè retí. A máa ń mọ gígùn àmì kúkúrú nípa pípín 1200 pẹ̀lú iye ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú: ọ̀rọ̀ 20 jẹ́ 60 ms, 30 jẹ́ 40 ms, 40 jẹ́ 30 ms. Àlàfo láàárín àmì náà sì jẹ́ iye kan náà. Nínú 40 ms yẹn, agbára ń gba nǹkan bí 5 kí ó tó kú tán, rílè ń gba 5 mìíràn kí ó padà, 15 tí ó kẹ́yìn sì ti lọ nítorí pé àṣẹ àmì tí ó ń bọ̀ ti dé. 15 ms ni ó ṣẹ́ kù fún etí wa, ó sì tó láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ń pè wá. Ní ọ̀rọ̀ 40, 5 ms péré ni ó kù. N kò gbà pé ó yẹ kí a fi áńpìlífáyà jìyà nítorí 5 ms. Ní irú ìyára bẹ́ẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí rílè dúró sí ìfọhùn títí ọ̀rọ̀ kan yóò fi parí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan áńpìlífáyà, àdàmọ̀dì àńtẹ́nà óòmù 50 (dummy load, tí ń gba agbára dípò àńtẹ́nà) ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáàtì 10 láti inú rédíò àti ọ̀rọ̀ 15, kí ẹ pa fáànù yàrá, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀. Rílè vacuum ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èékánná tí ó kan tábìlì. Bí ẹ bá gbọ́ "tà" tí ó mú ju ìyẹn lọ, ẹ dúró kí ẹ padà sídìí wíwọ̀n. Bí kò bá sí, ẹ máa gbé agbára àti ìyára sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo mítà grid (iná tí ń wọ ẹ̀yà ìdarí inú fáàfù) ní ìbẹ̀rẹ̀ àmì. Bí ó bá ń fò ju bí ó ṣe yẹ lọ, báyáàsì ń tètè dé ju rílè lọ.

Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n náà pẹ̀lú déètì sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí. Kí ẹ tó dé e, ẹ dúró di aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ jù lọ ní àdúgbò yín, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan tí ó wà lórí bébà tèmi fún alẹ́ ni: iná ilé 165, rílè àńtẹ́nà 3.4, ẹnu ọ̀nà 9, báyáàsì 10, agbára rédíò 15.